Àbọ̀ Ni Bátìrì Fi Ń Sùn

Ẹ má bá mi wí bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pe Àṣá ní "ó". Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, mo mọ̀ pé ewú ti gba orí rẹ̀ kan, bí mo bá sì rí i lójúkojú, mo máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi nìyí, kò sì sí ẹni tó lè fipá gba "wọ́n" lẹ́nu mi fún ẹni tó pe bàbá mi ní oníjìbìtì lójú gbogbo ayé.

Oníbátìrì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì dúró níwájú káńtà, kí ẹnì kẹta sì máa yọjú láti ìta. Bátìrì agogo wà níbẹ̀, ti rédíò, ti tọ́ọ̀ṣì, ti ẹ̀rọ kékeré tí àwọn àgbàlagbà ń fi sétí kí wọ́n lè gbọ́ràn. Kò sí bátìrì tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé bàbá mi ti fi mítà wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń rà á. Bí ẹni náà tilẹ̀ ń kánjú, wọn á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Bí abẹ́rẹ́ mítà kò bá dé ibi tó yẹ, inú garawa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni bátìrì náà ń lọ. Nígbà tí mítà bàjẹ́ nígbà kan, ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn bátìrì rédíò wò. Ìyá mi ní ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ òun kì í fi í dùn lẹ́nu wọn.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní oníjìbìtì. Bí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, inú mi ṣì ń ru.

Bátìrì bàlúù ló fa ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe bàlúù tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò o. Bàlúù kékeré ni mò ń wí, èyí tí àwọn àgbà ọkùnrin tó yẹ kó ti fi eré sílẹ̀ ń fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn fúnra wọn, tí wọ́n ń dúró lórí pápá, tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí rẹ̀ lójú ọ̀run. Bátìrì tó wà nínú ikùn rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí pákẹ́ẹ̀tì bísíkíìtì. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àkẹ́bàjẹ́ ni. Bí ó bá gbẹ tán, ó kú nìyẹn. Bí ó bá kún bámúbámú tí wọn kò sì lò ó fún ìgbà pípẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ooru bá sì mú un, ó lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tó bá rà á: bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú bàlúù, ẹ fi í sí ibi tó tutù, ẹ má jẹ́ kó kún, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. "Àbọ̀ ni bátìrì fi ń sùn," ni wọ́n máa ń wí. Èmi náà ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè sọ ọ́ lójú oorun.

Àṣá mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Oníbúrẹ́dì ni, orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lórí pápá ni Àṣá, nítorí pé bí ó bá ti gbé bàlúù sókè, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó máa ń tọ́jú nǹkan. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí pápá sì di ẹrọ̀fọ̀, tí kò sí ẹni tó lè fò mọ́, yóò mú àwọn bátìrì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, bàbá mi yóò bá a rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ sí àbọ̀. Kò lè kó wọn sí ilé ara rẹ̀, nítorí pé ara ògiri ilé rẹ̀ gan-an ni ààrò búrẹ́dì wà. Bí ènìyàn bá fara ti ògiri iyàrá rẹ̀, yóò rò pé wọ́n fẹ́ yan òun ni. Nítorí náà ilé ìyá rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, àti bàlúù, àti bátìrì, àti ṣájà. Iyàrá ẹ̀yìn wọn tutù, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ igi.

Mama ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni bàbá mi máa ń dé ibẹ̀ lọ pààrọ̀ bátìrì agogo àti rédíò wọn, Mama kì í sì í jẹ́ kí wọ́n kúrò láìjókòó.

Bàlúù pupa kan wà tí Àṣá kàn, apá rẹ̀ gùn tó ìgbà tí àgbàlagbà bá na ọwọ́ méjèèjì. Odidi ọdún kan ló fi kàn án. Ó fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ń kàn án, ó tún fọ̀ ọ́, ó tún kùn ún. Nígbà tí òjò dá, tí ẹgbẹ́ wọn sì pe àlejò láti wá wò wọ́n lórí pápá, pupa yìí ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbéra. Bàbá mi wà létí pápá pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n fi ń tajà, èmi náà wà lẹ́yìn wọn.

Bàlúù náà gbéra dáadáa. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Níbi tó ti fẹ́ yí po lẹ́ẹ̀kejì, abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì já lulẹ̀ gbì níwájú àwọn ènìyàn. Apá kan fò lọ, imú rẹ̀ wọ ilẹ̀. Nígbà tí Àṣá tú ikùn rẹ̀, bátìrì tó wà níbẹ̀ ti wú débi pé ó ti la igi tó yí i ká. Ó fà á yọ, ó gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó sọ ọ́ sórí tábìlì.

"Kí lo tà fún mi yìí?"

Bàbá mi wò ó. "Ó ti wú."

"Mo rí i pé ó ti wú! Mò ń bi ẹ́ pé kí lo tà fún mi?"

"Báwo lo ṣe tọ́jú ẹ̀?"

"Bó o ṣe kọ́ mi náà ni! Àbọ̀, ibi tútù, kò sí nínú bàlúù. Ìwọ gan-an lo bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀! Ayédèrú lo tà fún mi. Ọ̀rẹ́ ẹ ni mò ń pe ara mi, o wá ta ayédèrú fún mi. Oníjìbìtì ni ẹ́!"

Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ lórí pápá yẹn. Bàbá mi rọra gbé bátìrì wíwú náà sínú garawa yanrìn tí wọ́n máa ń gbé dání, nítorí pé bí irú rẹ̀ bá bínú, iná ló ń dà. Ọkàn wọn wà lórí kí iná má jó ẹni tó ń bú wọn. Alága ẹgbẹ́ wá bá wa, ó ń wolẹ̀, ó ní yóò dára bí bàbá mi bá lè kó tábìlì wọn, kí wọ́n má sì tajà níbẹ̀ mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Gbogbo àwọn tó dúró yẹn ló ń rajà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ni bàbá mi ti sọ fún rí pé, "Èyí ò dáa, ẹ má rà á." Kò sí ẹnì kan tó la ẹnu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tí Àṣá là mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ara bàbá mi ló fọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé wa dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà wá ń yẹ bátìrì wò lọ́tùn-ún lósì. Ìyá kan tó ti ń ra bátìrì etí lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré béèrè pé, "Ṣé ojúlówó lèyí?" Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó," ohùn wọn kò sì dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bátìrì tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí oníbàárà, wọn á kó wọn jáde nínú àpótí, wọn á tún wọ̀n wọ́n, wọn á dá wọn padà. Èmi á jókòó síbẹ̀, màá máa wò wọ́n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá a."

"Kó o lọ sọ kí ni?"

"Kí n sọ òótọ́."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wọn bátìrì lọ.

Àṣá lọ ra bátìrì tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gíláàsì yí ká tí kò sì ní mítà kan ṣoṣo. Òjò tún dé. Ó tún kó wọn lọ sí ilé Mama.

Òjò náà kò tíì lọ jìnnà nígbà tí Mama ránṣẹ́ pé rédíò wọn ti dákẹ́, pé kí ló dé tí Oníbátìrì kì í yọjú mọ́. A wá rí i pé Àṣá kò sọ ohunkóhun fún ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gba kí ìyá rẹ̀ gbọ́ bó ṣe sọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Bàbá mi mú bátìrì rédíò, mo tẹ̀ lé wọn.

Bí ènìyàn bá wọ ilé Mama, nǹkan kan wà tí yóò kọ́kọ́ rí: kò sí ohun tó wà ní àbọ̀ níbẹ̀. Omi inú jọ́ọ̀gì kún dé ẹnu. Agolo ṣúgà kún, agolo iyọ̀ kún, àtùpà tí wọn kì í tàn kún fún kẹrosíìnì. Bí ènìyàn bá mu omi díẹ̀ nínú ife, Mama á ti dìde láti bù kún un, ènìyàn á sì mu omi títí ikùn á fi máa dún.

Bàbá mi tún rédíò ṣe tán, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ni mo bá rí iná pupa kan tó ń tàn láti iyàrá ẹ̀yìn. Mo yọjú síbẹ̀. Ṣájà Àṣá ló wà lórí tábìlì, bátìrì bàlúù wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn bàlúù tó kù tò sí ara ògiri, ikùn wọn wà ní títì.

"Mama," mo ní, "ta ló fi eléyìí sí iná?"

"Èmi ni," ni Mama wí, inú wọn sì ń dùn. "Ṣé ẹ ò mọ ọmọ mi ni? Àbọ̀ ló máa ń kó wọn wá síbí, bí ẹni tí ò rílé gbé. Ohun tó wà lábọ̀ ò ṣeé wò lójú mi. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń fi wọ́n síbẹ̀ títí iná pupa yẹn á fi di àwọ̀ ewé. Tó bá ti kún, màá dá a padà sínú bàlúù ẹ̀. Gbogbo nǹkan ló nílé tiẹ̀. Èyí tó kọjá yẹn náà, bámú ni mo rọ ọ́ kó tó gbé e lọ, ó tiẹ̀ ní mo ṣeun tí mo ti bá òun fi í sínú ẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Èyí tó kọjá! Bàlúù pupa! Ọwọ́ ti tẹ òótọ́ wàyí, nínú iyàrá tútù, lẹ́nu ìyá ẹni tó bú wa. Mo yíjú sí bàbá mi pé kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n sì wò mí, irú wíwò tí kì í jẹ́ kí ọmọ tún sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama," ni wọ́n wí. "Ẹ ò kí ń sinmi."

Wọ́n sún mọ́ ṣájà náà. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí ènìyàn lè fi sọ fún un pé kí ó má ṣe rọ bátìrì kún, kí ó mú un wá sí àbọ̀ kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá dé àbọ̀ yẹn, iná àwọ̀ ewé náà ló ń tàn. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. "Mo ti tún un ṣe fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé, ó ti tó nìyẹn." Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ìkòkò oníyanrìn wá, wọ́n ní inú rẹ̀ ni oorun bátìrì ti ń dùn jù, ó tutù ju inú bàlúù lọ. Mama ní, "Ẹ ò rí i, ilé tuntun!" Wọ́n sì gbà.

Ojú títì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé búrẹ́dì nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un!"

"Ká sọ pé ìyá ẹ̀ ló ba bàlúù ẹ̀ jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ṣé kì í ṣe àwọn ni?"

"Á lọ bi wọ́n. O mọ ẹnu Àṣá. Mama á wá mọ̀ pé ìfẹ́ táwọn ń fẹ́ ọmọ àwọn ló já bàlúù ẹ̀ lulẹ̀. Wọn ò ní rọ nǹkan kankan kún mọ́ láyé wọn."

"Orúkọ tiyín ńkọ́?"

"Sùúrù ni baba ìwà."

"Bàbá, sùúrù ti di baba gbogbo wa nílé yìí, ó sì ń jẹ wá run!"

Wọ́n ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí Mama bá wà láyé. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́, mo sì fi eyín gé ètè mi jẹ títí a fi délé. Mama ti lọ sinmi báyìí. Ẹ̀jẹ́ mi ti tán, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ọ.

Òjò dá. Bátìrì Àṣá jáde nínú ìkòkò bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kò sì bi ìyá rẹ̀ ta ló gbé ìkòkò náà wá. Ó tún pupa kàn, ó sì ń fò ó káàkiri, ó ń yin ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. "Bátìrì gidi nìyí! Kì í ṣe ti àwọn kan!" Ẹni tó sọ ọ́ fún mi rò pé òun ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Bàbá mi ló tẹ bọ́tìnnì, bàbá mi ló gbé yanrìn, ẹlòmíràn ló gba ìyìn. Ẹ sọ fún mi, ta ni irú rẹ̀ kò ní bí nínú?

Lọ́jọ́ kan tí ẹgbẹ́ tún pe àlejò, Mama ní àwọn náà fẹ́ lọ wo ọmọ àwọn. Àṣá ti lọ láti àárọ̀. Mama ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé àwọn. Bàbá mi kò lè kọ̀ fún Mama, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe padà sórí pápá yẹn. Àwọn ọkùnrin náà rí wa, wọ́n ń wo bàtà wọn. Wọ́n gbé àga fún Mama. Kò sí ẹni tó gbé fún bàbá mi, wọ́n dúró lẹ́yìn Mama, èmi náà dúró.

Pupa gbéra. Ó yí po, ó dojú délẹ̀, ó tún padà dúró dáadáa. Àṣá ń darí rẹ̀, ó sì ń fọ́nnu fún àwọn àlejò láìyí ojú. "Gbogbo ìgbà òjò ni bátìrì yìí fi sùn o! Ẹ wo bó ṣe le! Àṣírí ẹ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kún tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́. Tó bá kún, tó tún wà nínú bàlúù, á wú ni!"

"Irọ́ ló ń pa!" Mama bú sẹ́rìn-ín, ohùn wọn sì lọ jìnnà. "Ṣebí èmi ni mò ń rọ wọ́n kún! Látọjọ́ tó ti ń kó wọn wá sọ́dọ̀ mi, mi ò jẹ́ kí ìkankan wà lábọ̀ rí. Inú bàlúù náà ni mò ń dá wọn padà sí, kó tó di pé Oníbátìrì wá tún ṣájà yẹn ṣe, tó gbé ìkòkò yanrìn wá fún mi. Ṣé ó wú?"

Mo rí i bí ó ti ń yé àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, alága ló kọ́kọ́ yé. Ó wo bàbá mi, ó gbójú kúrò. Àṣá fúnra rẹ̀ yíjú wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í forí balẹ̀ bọ̀.

"Wo òkè!" ni bàbá mi kígbe. "Àṣá, wo òkè!"

Ó wo òkè. Ó fi rìmóòtù gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Nígbà tí bàlúù ti balẹ̀ ní àlàáfíà, Mama tún béèrè, "Oníbátìrì, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

"Rárá o, Mama," ni bàbá mi wí. "Ẹ ṣe é dáadáa. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe fò?"

Alága gbé àga wá fún bàbá mi. Ẹlòmíràn gbé omi tútù wá. Wọ́n ń kí wọn, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," bí ẹni pé ìrìn àjò ni wọ́n ti dé. Mo dúró, mo ń retí. Mo ń retí kí ẹnì kan ṣoṣo sọ pé, "Ẹ má bínú." Títí a fi gbé Mama padà sílé, mi ò gbọ́ ọ.

"Wọn ò bẹ̀ yín, Bàbá," mo ní nínú ọkọ̀.

"Wọ́n gbé àga wá fún mi."

"Àga!"

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Mama ti sọ àbọ̀. Tó bá dénú wọn, á di odidi."

"Ọmọlúàbí ni wọ́n ní ká sọ ọ́ fún, Bàbá. Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì Àṣá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó yan ìgbà tí kò sí oníbàárà. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná sórí káńtà, ó ní òun fẹ́ bátìrì bàlúù. Bàbá mi mú ọ̀kan jáde, wọ́n na ọwọ́ sí mítà.

"Má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n," ni Àṣá wí. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀ gan-an. "Mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Fara balẹ̀," ni bàbá mi wí. "Jẹ́ ká jọ wò ó."

Àwọn méjèèjì tẹ orí ba lórí mítà náà. Àṣá fi ọwọ́ nu ojú, ó san owó, ó lọ. Bàbá mi gé búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àlàáfíà wọn ni inú mi dùn sí. Ṣùgbọ́n gbangba pápá ló ti bú wọn, kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló wá ti ń sọ pé òun gbà wọ́n gbọ́, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bàbá mi lè fi àbọ̀ sùn kí wọ́n sì pẹ́ láyé. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mama ni mo fi jọ, ohun tí kò bá tíì kún, iná pupa ló ń tàn lójú mi.